Bí Mo Ṣe Di Káfíńtà Nínú Ọkọ̀ Ajalèlókun ní Woolwich

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ ibí. Mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dún 1993 fún yín, nígbà tí èmi Ràsákì, ọmọ Ìbàdàn, káfíńtà tí kò mọ omi wẹ̀, di òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ ajalèlókun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Òótọ́ ni.

Thamesmead là ń gbé nígbà yẹn, èmi, ìyàwó mi Sìdí, àti ọmọ wa obìnrin, Kúdí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Sìdí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ń gbálẹ̀ ní warehouse kan ní Thamesmead West, létí odò, lápá ibi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan wà. Ẹni tó ti kan òrùlé ilé ní Ìbàdàn, tó ti kan àga fún mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbálẹ̀ ló kù tó ń gbé kiri. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí? Ọwọ́ á máa yún èèyàn. Bí mo bá rí pákó gidi tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo máa ń dúró fọwọ́ pa á lára bí ẹní rí ọmọ ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ òórùn ọ̀dà. Ọ̀dà gbígbóná, pẹ̀lú òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ilẹ̀kùn warehouse tó tẹ̀ lé tiwa ló ṣí sílẹ̀. Mo yọjú. Mo rí i pé ó já sí etí odò lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọkọ̀ onígi kan wà níbẹ̀, òpó méjì ló dúró lórí ẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń fi òòlù onígi gbá okùn wọ àárín pákó méjì.

Ṣé èmi lè rí irú ẹ̀ kí n kọjá? Mo béèrè ohun tó ń ṣe. Orúkọ bàbá náà ni Arthur, kò sì ṣe bí ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́. Ó ní okùn àtijọ́ ni wọ́n tú sí wẹ́wẹ́, wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà, òun ni wọ́n fi ń dí àárín pákó kí omi má baà wọlé. Ẹnu yà mí. Bí òrùlé bá ń jò nílé wa, a ó gbé ike sábẹ́ ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ò gba ike o!

Ó wá bi mí pé ṣé mo mọ̀ nípa igi ni. Mo mú ìfági rẹ̀ lórí tábìlì, mo fá pákó kan tó wà níbẹ̀, láti orí dé ìdí. Bàbá Arthur fọwọ́ pa ojú pákó náà. Ó kàn da tíì sínú kọ́ọ̀bù kejì, ó gbé e fún mi.

Bí mo ṣe fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ apẹja ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó fẹ́ràn ìtàn ló rà á, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ privateer, irú ti ayé àtijọ́, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa wá wò ó. Kí ló ń jẹ́ privateer? Èmi náà béèrè! Bàbá Arthur ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn ọba òyìnbó ń bára wọn jà nítorí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lókè òkun, ọba á fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìwé náà á sọ pé bó o bá rí ọkọ̀ ọ̀tá wa, gbà á, kó ẹrù inú ẹ̀, o ò jẹ̀bi.

Mo ní, “Ajalèlókun ni wọ́n nìyẹn.”

Ó ní rárá, pé ajalèlókun ò ní ìwé.

Mo ní, “Ẹni tí wọ́n ń já lẹ́rù gbà ńkọ́? Ṣé ó máa ń dúró ka ìwé ni?”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ẹ sì wá mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà? Patience! Ọkọ̀ ajalèlókun, ó ń jẹ́ Sùúrù!

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, Sìdí gbé ṣíbí tó fi ń tẹ ẹ̀bà dúró. Ó ní, “Bàbá Kúdí, gbogbo iṣẹ́ tó wà ní London, olè lẹ wá lọ ń bá kan ọkọ̀?”

Àmọ́ mo ti kó sínú ẹ̀. Mo di alábèèrè. Ojoojúmọ́ ni mo ń ti orí ìbéèrè kan bọ́ sórí òmíràn. Kí ló dé tí àjà ìsàlẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Bí mo bá wọ ibẹ̀, ńṣe ni mo máa tẹ̀ bí ẹni tó wà ní rúkúù, bí mo bá sì gbàgbé, igi àjà á rán mi létí ní iwájú orí. Bàbá Arthur ní wọn ò kọ́ ọ fún ẹni tó fẹ́ nàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, lórí aṣọ tí wọ́n so kọ́ àjà lápá méjèèjì, ìgbúnwọ́ ẹnì kan nínú ìhà ẹnì kejì. Kí ló dé tí èèyàn inú ẹ̀ fi máa ń pọ̀ ju ohun tí wíwa ọkọ̀ gbà lọ? Ó ní torí pé bí wọ́n bá gba ọkọ̀ ọ̀tá, àwọn kan nínú wọn ló máa bọ́ sínú ẹ̀ láti wà á lọ sílé. Ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Ó ní iwájú ọkọ̀ pátápátá ni, pákó oníhò, òkun ń hó nísàlẹ̀. Bí ìjì bá ń jà ńkọ́? Ẹ má bi mí. Bàbá náà kàn ń wo òkè.

Oúnjẹ wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Omi inú àgbá á ti yí dúdú kí oṣù kejì tó pé. Ẹran oníyọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ sómi kí eyín tó lè ràn án. Bísíkíìtì tó le bí pákó, wọ́n á gbá a mọ́ tábìlì kí àwọn kòkòrò inú ẹ̀ lè jáde, kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Mo sọ èyí fún Sìdí pẹ̀lú ìyanu. Ó wò mí, ó ní kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀, pé ṣé èmi ò jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò ní boarding house rí ni?

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ sí etí odò ní Woolwich, kí gbogbo èèyàn wá wò ó. Miss Patricia, obìnrin òyìnbó kan nínú ẹgbẹ́ náà, ló ń ṣètò. Ó ní kí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ wọ aṣọ ayé àtijọ́, kí kálukú jẹ́ ẹnì kan nínú ọkọ̀. Ẹnì kan á jẹ́ ọ̀gákọ̀, ẹnì kan á wà nídìí ìbọn ńlá, Bàbá Arthur á wà nídìí pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde. Ó wá gbé tèmi jáde nínú àpò. Ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún, fìlà funfun pẹlẹbẹ kan, àti tírè tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ. Ó ní èmi ni ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gákọ̀.

Mo wo tírè náà títí. Mo béèrè ìdí.

Èèyàn búburú kọ́ ni Miss Patricia, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Jẹ́jẹ́ ló fi dá mi lóhùn pé bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn nìyẹn, pé èèyàn dúdú tó bá wà nínú ọkọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, history ni, kí n má bínú.

Mi ò bínú. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Àmọ́ ohun kan ká mi lára: kíláàsì Kúdí ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọmọ yẹn ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé bàbá òun ló kan ọkọ̀. Ṣé tírè ni wọ́n á wá bá lọ́wọ́ mi?

Sìdí ní kí n má lọ mọ́. Ó ní, “Ẹ sọ pé ara yín ò yá, ó tán.” Mo ní bí mo bá jókòó sílé, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé tírè fún. Ìbéèrè mi á sì wà níbi tó wà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé gbogbo wa pátá la gbé tírè?

Mo lọ bi Bàbá Arthur. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n wá sílé òun ní Woolwich, ó gbé páálí kan kalẹ̀, ẹ̀dà àwọn ìwé àtijọ́ tó ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló kún inú ẹ̀. Ìkọ̀wé wọn rí bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrọ̀fọ̀. A jọ ń fi ìka tẹ̀ lé e. Orúkọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ privateer kan tó jáde láti odò Thames ni: ọ̀gákọ̀, oníṣẹ́ abẹ, alásè, ẹni tó ń tún okùn ṣe. A wá kan ẹnì kan. John. Kò sí orúkọ mìíràn lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n kàn kọ “dúdú” sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi bí ẹni pé orúkọ bàbá ẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Igbákejì káfíńtà!

Mo pariwo! Ìyàwó Bàbá Arthur sáré yọjú láti ìdáná.

Àmọ́ bàbá náà ò bá mi yọ̀. Ó ní ìwé kejì wà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

Nígbà tó yá, privateer àwọn ọ̀tá ló wá gba ọkọ̀ tí John wà. Àwọn òyìnbó inú ẹ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n sì fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n padà sílé. John ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ mọ́ ẹrù. Orúkọ ẹ̀ wà láàárín ṣúgà àti okùn. Wọ́n tà á. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ gbowó bí àwọn yòókù, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni! Ìwé àṣẹ ọba tó lè sọ olè di ọmọlúàbí, kò lè sọ John di èèyàn.

Tíì wa tutù. Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi níkẹyìn ni pé, “Káfíńtà mà ni.”

Bàbá Arthur yí padà, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Razak. Káfíńtà ni.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo mú ẹ̀dà ìwé méjèèjì lọ bá Miss Patricia. Bàbá Arthur fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo ní ó tì, kó jẹ́ kí n dá lọ. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, bí àyà mi bá ti ń já, ńṣe ló máa ń sá lọ. Mo kàn gbé ìwé kalẹ̀ níwájú ẹ̀, mo ní, “Please, read.”

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ó wá ní tí mo bá máa jẹ́ káfíńtà, èmi nìkan ni máa wà ní àjà ìsàlẹ̀, èmi ni máa bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀, èmi ni máa dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ iléèwé. Ṣé màá lè ṣe é? Mo ní yes. Inú mi lọ́hùn-ún ń sọ pé nóò.

Kúdí ló wá di tíṣà mi. Ẹ ṣáà mọ àwa ọmọ Ìbàdàn àti ọ̀rọ̀ tó bá ní “sh” nínú. “Daddy, kì í ṣe sip! Ship ni! Sọ ọ́ dáadáa!” Ìyá ẹ̀ kígbe láti ìdáná pé, “Kúdí! ‘Ẹ sọ ọ́’ là ń wí!” Ọmọ náà ní, “Sorry, Mummy. Daddy, ẹ sọ ọ́. Ship!” Ọ̀sẹ̀ kan la fi ṣe ship.

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ wa wà létí odò ní Woolwich, ferry ń lọ ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Láàárọ̀, omi ti fà, bó ṣe máa ń fà tó sì máa ń padà bọ̀ lójoojúmọ́, odò sá lọ, Patience jókòó sórí ẹrọ̀fọ̀ bí adìyẹ tó sàba. Èèyàn ti tò. Èmi wà ní àjà ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ayùn mi, òòlù mi, okùn ọ̀dà, àti igi ìdíhò lóríṣiríṣi. Igi ìdíhò ni igi tí wọ́n gbẹ́ ní ìdí ńlá, ẹnu ṣóńṣó. Bí ìbọn ọ̀tá bá lu ara ọkọ̀ nísàlẹ̀ omi, káfíńtà ló máa sáré lọ fi òòlù gbá a wọ ihò náà, kí gbogbo wọn tó rì. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi! Wọ́n ń mi orí! Ara mi balẹ̀.

Kíláàsì Kúdí ló tẹ̀ lé e. Ọmọ mi ò wò mí, àmọ́ mo rí i tó ń tọ́ka sí mi fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀, mo gbé igi ìdíhò fún wọn dì mú. Ni ọmọbìnrin kékeré kan bá na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Were you a slave?”

Ojú tíṣà wọn pọ́n bí ata.

Mo ní rárá. Mo ní káfíńtà ni mí. Mo wá sọ ti John fún wọn, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ bíi gbogbo wọn, àti ohun tí wọ́n fi í ṣe nígbà tí wọ́n mú wọn. Ọmọ kan béèrè pé ṣé ó padà sílé. Mo ní mi ò mọ̀, ibi tí ìwé náà dúró sí nìyẹn.

Ibi tí mo sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí mo gbọ́ omi.

Ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ kan gbé fún oṣù mélòó kan á mọ ohùn ẹ̀. Èyí kì í ṣe omi tó ń lù ú níta. Inú ló wà. Mo ṣí pákó ilẹ̀. Omi ń hó wọlé lábẹ́ wa! Odò ti ń padà bọ̀, ó sì ti rí ihò.

Mo lọgun. “Water in the ship! Everybody up! Up!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n rò pé eré ni! Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Oh, very good!” Mo tún lọgun, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Aṣọ ayé àtijọ́ tí mo wọ̀ ló kó bá mi.

Kúdí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ojú mi. Ló bá yí sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó figbe ta pé, “He's not acting! That's my dad's real face! Go!” Ó ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Ìgbà náà ni tíṣà tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó rí omi. Kíá, wọ́n ti gòkè tán, kò sí ẹni tó ṣubú, kò sí ẹni tó sunkún.

Mo wọnú ibẹ̀. Mo ní Bísímílláì. Omi tutù yẹn dé orúnkún mi, èmi tí mi ò lè wẹ̀! Mo fọwọ́ wá ihò náà kàn, ó tó ìkúùkù. Mo gbá igi ìdíhò kan wọ̀ ọ́. Omi tì í padà, ó gbá mi láyà gbì. Ó kéré jù. Mo mú èyí tó tóbi, mo wé okùn ọ̀dà mọ́ ọn lára, mo fi èjìká tì í, mo gbé òòlù. Mo gbá a. Mo gbá a! Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá Arthur lókè, ó ń fa pọ́ǹpù, ó ń pariwo, “Is she holding, Razak? Is she holding?” Mo gbá a títí apá mi fi kú. Omi náà rọ̀. Ó di kíkán. Ó dúró.

“She's holding!” Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn, pé ihò náà ti dí.

Ni Miss Patricia bá sọ̀kalẹ̀ wá nínú aṣọ ńlá ayé àtijọ́, bàtà ẹ̀ ń dán. Ó bi mí pé ṣé èyí wà nínú ètò ni. Mo ní, “Madam, carry bucket.” Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ó gbé e! Òun, èmi àti ọ̀gákọ̀ la jọ gbọ́n omi náà títí ó fi kù sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ihò páìpù àtijọ́ kan ni, láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ṣì ń pẹja. Wọ́n ti fi igi dí i tipẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ jókòó sórí ẹrọ̀fọ̀ láàárọ̀, irin kan tó rì sísàlẹ̀ odò ló tì í tú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé irin wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, èmi àti Kúdí la jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ṣòkòtò mi ṣì tutù, àwọn èèyàn ń wo aṣọ mi. Kúdí wá ní, “Daddy, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ igi?”

Kò bi mí ní irú ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́jọ! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọ̀gá mi ní Ìbàdàn fún un, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń fi ahọ́n tọ́ pákó wò kó tó rà á. Ó béèrè ìdí. Mo sọ ọ́. Ó béèrè bí igi náà ṣe ń dùn sí lẹ́nu. Mo sọ ìyẹn náà. Bí a ṣe dé Thamesmead, kò tíì dákẹ́ ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì wa ti gbé wa kọjá ibi tó yẹ ká sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí wọ́n bá gbé aṣọ kan fún yín pé tiyín nìyí, ẹ má tíì wọ̀ ọ́, ẹ má sì tíì jù ú nù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wọn ara yín. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ti rí i pé ọmọ abèèrè pàápàá kì í ṣìnà, àfi bó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀sì!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ wá sí ìlú òyìnbó, kí lẹ bá pàdé? Ṣé wọ́n gbé tírè fún yín rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo ti jókòó, mo fẹ́ kà á.